Alájì Tí Kò Mọ Orúkọ Ìyá Rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọba tó kó wa jọ láàárọ̀ yìí, ìkẹ́ Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ gbọ́. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ má tíì sùn. Ọ̀rọ̀ ìbátan la fẹ́ sọ. Ẹni tó ń fún gbogbo ayé lómi, tí ọ̀fun ọmọ ìyá rẹ̀ wá gbẹ, kí ló fún ayé?

Bùsàrí, ọmọ Ìkìrun, ló di ọlọ́rọ̀ ní Ìbàdàn. Kò jalè o. Ṣíà ilé-iṣẹ́ ńlá-ńlá ló ń rà, àti ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹ́. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló ní fáyé: "Owó tí kò bímọ, àgàn ni." Nígbà tó pé ẹni ọgọ́ta ọdún, ó rántí àlùkìyámọ̀, ọjọ́ ìdájọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sàráà. Ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ó kọ́ ilé ìwòsàn, ó rán ọmọ aláìní lọ sílé ìwé. Àmọ́ ìwà kì í tètè fini sílẹ̀. Ó bi Lemọ́mù pé, "Àáfà, láàdá kànga kan, ó máa ń tó ọdún mélòó kó tó wọlé?" Lemọ́mù ní wọn ò tíì kọ̀wé sí òun láti ọ̀run.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí mọ́sálásí tó kọ́, Lemọ́mù fẹ́ ṣe àdúà fún un. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é: orúkọ ẹni, orúkọ ìyá ẹni.

"Alájì, kí lorúkọ ìyá yín?"

"Ìyá Olóògì."

"Ọlọ́run á kẹ́ wọn. Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ńkọ́?"

Bùsàrí ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá náà kú. Ta ló sì ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ nínú yín? Àdúgbò ń pè é ní Ìyá Olóògì, òun ń pè é ní Ìyá mi, ó parí. Lemọ́mù bá ṣe àdúà náà lọ ní "ọmọ Ìyá Olóògì". Èrò ṣe àmín. Àmín náà ò wọ Bùsàrí lára. Ó ń rò ó pé, Ìyá Olóògì pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ ta ni àdúà yìí máa yà sí?

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ orúkọ náà: Múnírátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó pọ̀n ọ́n, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni kò ti fojú kàn án. Kì í ṣe pé wọ́n jà. Iṣẹ́ ni. Gbogbo iléyá ló ń fi àgbò ránṣẹ́.

Nígbà tó di Jímọ̀, ó fi dírẹ́bà sílẹ̀, ó wakọ̀ fúnra rẹ̀ lọ sí Ìkìrun. Ó bá Múnírátù, tó ti di ìyá àgbà, níwájú ilé, ó ń sẹ́ ògì. Bùsàrí dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun.

"Ta nìyẹn?"

"Bùsàrí ni, Àǹtí mi."

"Àjàní? Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kí àgbò káàbọ̀. Díẹ̀ ló kù kí n máa pe àgbò ní Àjàní."

"Ẹ má bínú. Mo ṣáà rán dókítà sí yín nígbà tí ara yín ò yá."

"Ó dé. Ọmọ gidi ni. Òun jókòó, ó jẹun."

Bùsàrí ro ẹjọ́ rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé kó sọ orúkọ ìyá àwọn fún òun. Ìyá àgbà ò gbójú sókè.

"Orúkọ náà wà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ògì, kò ní í kan. Wá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀."

"Àǹtí mi, ṣé kí n kọ́lé fún yín ni?"

"Mo nílé. Ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ni mi ò ní. Ká apá agbádá yẹn, kó o bá mi di etí aṣọ asẹ́ mú."

Ẹ rò pé ìyá náà ṣìkà? Ẹni tó bá ní ohun kan ṣoṣo tí àbúrò rẹ̀ ń wá, ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa gbé e sílẹ̀?

Bùsàrí ń lọ ní Jímọ̀ dé Jímọ̀. Á kírun tán, á ká aṣọ, á di asẹ́ mú. Lọ́jọ́ kan, òórùn omi ògì kíkan gbá a nímú, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àtẹ́lẹwọ́ kan ló rántí, ó tutù, ó ń rùn bákan náà gẹ́lẹ́. Kò rí ojú ẹni tó ni ín.

"Àǹtí mi, ṣé ìyá wa máa ń fi ọwọ́ tútù di ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa mú?"

"Ìwọ nìkan. Èmi, ìgbájú ni tèmi."

Ó di Jímọ̀ kẹsàn-án. Wọ́n sẹ́ ògì, wọ́n jẹun, Bùsàrí dìde kó máa lọ.

"O ò bi mí lónìí."

"Kí ni, Àǹtí mi?"

"Orúkọ."

Ó ti gbàgbé. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó fà á mọ́ra, ó sọ ọ́ sí i létí.

Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, Múnírátù jáde láyé. Lọ́jọ́ fídáù, àáfà béèrè orúkọ ìyá olóògbé. Àwọn mọ̀lẹ́bí ń wo ara wọn lójú. Bùsàrí ló dáhùn láti ibi tó jókòó sí. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún ti wakọ̀ dé Ìkìrun kó tó rántí. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà, ó ká apá agbádá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé aṣọ asẹ́ lé e lọ́wọ́.

Ẹ ń wò mí. Ẹ fẹ́ kí n dárúkọ náà. N kò ní í dá a. Ẹ lọ bá ẹni tó mọ ti yín, nígbà tó ṣì lẹ́nu tó máa fi sọ ọ́. Ànábì wa ní sàráà fún aláìní, láàdá kan. Fún ìbátan, méjì. Ẹ̀yin olókoòwò, ẹ ṣírò ìyẹn délé.

Ọlọ́run Ọba, fi ọ̀nà ilé hàn wá kí ilẹ̀kùn ibẹ̀ tó tì. Má ṣe jẹ́ kí àgbò wa máa dé lọ́dọọdún, kí àwa fúnra wa má dé. Àmín.