Dígí Tó Wà Lẹ́yìn Adú

[Ariwo èrò]

ADÚ: Hẹ́lò? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, o kú ilé o. Ọmọ ńkọ́?

Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́: Ó ń ṣe homework. Ibi ìpàtẹ fọ́tò wa ńkọ́? Ṣé èrò wá?

ADÚ: Wọ́n pọ̀. Fọ́tò mi ni wọ́n gbé síwájú, imú mi tó àwo. Wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́, èmi tí wọ́n máa ń tutọ́ sí lẹ́bàá títì—

Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́: Èmi ni mo sì yà á, àbí?

ADÚ: Ìwọ ni. Gbọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin yẹn, ṣé ó ga, ó sì pá lórí?

Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́: Kí ló dé?

ADÚ: Ṣé o gbọ́ mi?

Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́: Mo gbọ́. Kí ló ń wá níbẹ̀?

ADÚ: Òun àtàwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ ni. Ó kàn dúró síwájú fọ́tò mi, kò kúrò bọ̀rọ̀—

Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́: Kò mọ̀ ẹ́ rí. Ìwọ lo ní kí wọ́n fi ojú ẹ hàn. Èmi kọ̀. Àǹtí oníkámẹ́rà tó kọ́ wa ní fọ́tò yíyà sì gbà pé ẹni tó bá kọ̀, wọn ò ní fi tiẹ̀ hàn.

ADÚ: Ẹni tí wọ́n yà ni wọ́n ń bi bóyá ó gbà. Kò sẹ́ni tó bi ẹni tó yà á.

Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́: Kí nìyẹn—

ADÚ: O hàn nínú dígí tó wà lẹ́yìn mi nínú fọ́tò yẹn. O gbé kámẹ́rà sáyà, ò ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí fọ́tò náà kéré, a ò rí i. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di ńlá yìí, eyín ẹ gan-an hàn.

Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́: Mo gbé. Télọ̀ ni mo sọ fún un pé mò ń ṣe.

ADÚ: Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè: "Obìnrin títì ló ya obìnrin títì." Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Jọ̀ọ́, má bínú.

Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́: Ó ti búra, Adú. Ó ní lọ́jọ́ tóun bá gbọ́ pé mò ń ṣe aṣẹ́wó, òun á gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ibo ló wà báyìí?

ADÚ: Ó ti jáde. Network ni kò jẹ́ kí n tètè pè ẹ́—

Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́: Ó ti pẹ́?

ADÚ: Ṣé o gbọ́ mi? Ti ilẹ̀kùn. Má ṣí i fún—

[Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn]

Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́: Dákẹ́.

ỌMỌ: Màámi, Àǹkù ni! Mo gbóhùn wọn.

Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́: Jókòó. Mo ní kó o jókòó—

[Ilẹ̀kùn ṣí]

ỌMỌ: Ẹ káàbọ̀, sà.

ADÚ: Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́? Ṣé o gbọ́ mi?

OHÙN ỌKÙNRIN: Ọmọ mi, lọ wọ bàtà ẹ.

[Ìpè já]