Ṣéènì Tó Ń Já Lọ́nà Ara

Mo ń dúró de ọ̀kadà mi lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ẹdẹ, ni bàbá kan bá ti ọ̀kadà tiẹ̀ dé tìbínú-tìbínú.

"Ṣéènì yìí ti já lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó o fà á le, o tún jẹ́ kó máa mì."

"Bàbá, bó ṣe ń mì yẹn náà, ó ṣì le jù, òun ló ń jẹ́ kó já. Téèyàn bá jókòó lé ọ̀kadà, á tún le sí i. Ta lẹ máa ń gbé?"

"Ìyàwó mi, tá a bá ń lọ sóko ní Ara."

"Ẹ mú màmá wá. Kí wọ́n jókòó sẹ́yìn yín, kí n fi ìwọ̀n wọn tún un ṣe."

Bàbá wò ó títí. "Kí n lọ sọ fún un pé òun ló ń já ṣéènì? Ìwọ ni kó o lọ sọ ọ́. Ilé wa ò jìnnà."

Mẹkáníìkì rọra mú sípánà. "Ẹ jẹ́ n kàn dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i."