Ajílẹ̀ Tí A Dà Lógidì

Eulogia Tarqui ti pinnu pé òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà wọ sàréè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí Delfina lẹ́yìn géètì ibi ìsìnkú Wilapata, níbi tí àwọn ọkùnrin ti dí i lọ́nà kí ó má baà sin Saturnina, ìyá tó bí i, ó mọ̀ pé òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó bo sàréè. Ó fi ọ̀pá lu pósí. "Ẹ dúró! Ẹni tí kò ṣẹ̀ lẹ̀ ń lé. Èmi ni mo jó oko!"

"Màmá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́," ni Fermín, olórí abúlé, wí, ewé koka tó ń jẹ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ikọ́ tó ń ṣe yín ti ń dà yín lọ́kàn rú. Ìrì dídì ló jó ọ̀dùnkún wa, ọmọ yìí ló sì fà á."

"Ìrì wo? Ajílẹ̀ ni!"

Ó sọ ọ́ láìdúró mí. Lọ́dún tí oko jó náà, òun ló ń tọ́jú àgbá ajílẹ̀ olómi tí gbogbo abúlé fi ìgbẹ́ àgùntàn àti omi wàrà pò. Ọmọdé Wilapata pàápàá mọ̀ pé omi púpọ̀ là ń fi là á kí a tó fọ́n ọn sórí ewé. Ṣùgbọ́n odò ti fà, òkè ti ga jù fún orúnkún rẹ̀, ó sì fẹ́ kí oko wọn tutù yọ̀yọ̀ ju ti abúlé kejì lọ. Ó dà á lógidì sínú ẹ̀rọ ìfọ́n àgbékọ́yìn, ó sì fọ́n ọn nínú oòrùn. Ilẹ̀ mọ́, ìrì dídì díẹ̀ bọ́. Gbogbo ewé ti dúdú. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìrì yẹn, torí ó bo àṣìṣe mi. Ẹ ò rí irú ènìyàn tí mo jẹ́!"

Ní Wilapata, bí ìrì dídì bá jó oko, obìnrin tó sin oyún tó bàjẹ́ láìsàmì fún un ni wọ́n ń wá, pé òun ló fà á. Delfina sì ti sunkún sọ ọ̀rọ̀ oyún tirẹ̀ tó bàjẹ́ sí Eulogia létí rí: "Ìyá ìsàmì mi, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún o." Nígbà tí Fermín wá bèèrè pé, "Ta ló fọ́n ajílẹ̀ lánàá?" Eulogia na ìka, kì í ṣe sí àyà ara rẹ̀. "Ẹ wú ẹ̀yìn ọgbà àgùntàn Saturnina wò." Wọ́n wú u. Wọ́n sì ti Delfina sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí ìlú El Alto, pẹ̀lú aṣọ kan ṣoṣo tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìkà!" ni obìnrin kan pariwo. "Ìwọ náà lo tún ń bá Saturnina sunkún!"

"Èmi ni." Eulogia kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. "Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí àgbá náà wà lọ́wọ́ yín báyìí, bí ẹ bá ba oko jẹ́, ẹ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ ṣáà ṣí géètì fún un."

Fermín fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Delfina wọlé, ó sì dúró níwájú arúgbó náà.

"Ìyá ìsàmì mi, èyí tí wọ́n wú lẹ́yìn ọgbà àgùntàn ńkọ́? Níbo ni wọ́n gbé e sí?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wú u, Eulogia kò bèèrè rí.