Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀ Tó Wọ Gálárì

Rárá o, Ìbàdíàrán mi, omi kọ́ ni mo wá mu, ẹjọ́ àbúrò yín ni mo wá rò! Ọkọ mi ti yọ ilẹ̀kùn balùwẹ̀! Balùwẹ̀ tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò, ó yọ ilẹ̀kùn ẹ̀, ó kùn ún lọ́dà, ó gbé e kọ́ ògiri gálárì!

Gálárì wo? Ṣé ẹ ò tíì débẹ̀ ni? Ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé tó yẹ kí n gbé maṣíìnì ìránṣọ mi sí ló sọ di ibi tó ń pàtẹ àwòrán! Páálí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n dà nù l'Alábà ni òun àti Jímọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, agolo mílíìkì ni wọ́n fi bo gílóòbù, ọ̀dà tó bá ṣẹ́ kù nídìí sáìnbọ́ọ̀dù tó ń kọ fáwọn èèyàn ló fi ń yàwòrán. Mo ní ó dáa, mo tún ń bá wọn gbálẹ̀ ibẹ̀. Ṣé balùwẹ̀ ló wá kàn?

Ìró mi la ta sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ń wẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọrin, ká lè mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Bàbá Wúràọlá tó jẹ́ ará Kérúbù, tó bá ti gbé orin báyìí, ẹ̀mí á gbé e, kò ní jáde mọ́, gbogbo wa á máa dúró dè é níta!

Kí ló yà sára ẹ̀? Ìyẹn ò kan ẹjọ́ tí mò ń rò. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre. Ó dáa, èmi ni! Èmi ni, mo ru garawa omi, mo ya ẹnu gbàgà, mò ń pariwo mọ́ ẹnì kan. Àwọn èèyàn ń ti Navy Town wá wò ó o! Wọ́n á wo ilẹ̀kùn, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní ẹ kú iṣẹ́ mà. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Fọ́tò ìgbéyàwó wa gan-an, ṣebí fọtógiráfà gé mi lórí dànù.

Àfi láàárọ̀ yìí tí àwọn ayálégbé fìbínú kó bò ó, ló bá ní kò sí wàhálà, òun á dá ilẹ̀kùn padà. Bó ṣe wà yẹn o, pẹ̀lú àwòrán mi lára ẹ̀! Kí Bàbá Wúràọlá wà níhòòhò, kí ọṣẹ bò ó lójú, kó kọjú sí mi, kó máa kọrin? Olúwa má jẹ̀ẹ́ o!

Ẹ wọ bàtà, ẹ jẹ́ ká lọ, ẹnu yín nìkan ló ń gbọ́. Ẹ ní kó yọ ilẹ̀kùn yàrá wa, kó fi sí balùwẹ̀, èmi ò kúrò ní gálárì! A ó ta ìró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, àwa méjèèjì náà á sì máa kọrin... Hẹ̀n-ẹ́n, ẹ máa rẹ́rìn-ín, àbúrò yín kúkú lóhùn!