Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọdún mẹ́ta rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Ǹ bá gbé e mì pátápátá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan tí wọ́n rán sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí ó lọ.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wọn omi Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara. Èmi nìkan ni mo jáde yunifásítì níbẹ̀, mo sì rí i dájú pé kò sí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo dé, èmi ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́.

Akọ̀wé àgbà kan wà níbẹ̀, Bàbá Délé, ará Ìjùmú. "Òkun o!" ni ó fi ń kí gbogbo ayé, títí àwọn Igala àti Ebira ọ́fíìsì fi sọ ọ́ di orúkọ fún un. Yàgbà ni èmi, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń kí ara wa nílé, ṣùgbọ́n mo sọ fún un lójú gbogbo ènìyàn pé, "Bàbá, ọ́fíìsì nìyí, kì í ṣe oko. Ẹ máa sọ pé gúd mọ́nìn."

Kò kí mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn yòókù náà kò sì kí mi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ náà ní ibì kan tí ènìyàn ń kọ orúkọ rẹ̀ sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tàn án, ohun tí a kọ síbẹ̀ ni yóò yọ lójú rẹ̀. Mo yọ orúkọ mi, mo kọ OKUN síbẹ̀, kí nǹkan kan ṣáà lè kí mi láàárọ̀. Èmi ọ̀mọ̀wé kò mọ̀ pé ibẹ̀ náà ni ètò ìṣírò omi wa ń wò, kí ó tó kọ orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ṣèèṣì pa ìwọ̀n omi gbogbo ìgbà òjò rẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo dákẹ́. Nígbà tí ọ̀gá tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde, OKUN ló wà níbẹ̀.

"Òkun, na your name be dis o!"

"Ọ̀gá, mi ò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án."

Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Òkun ti gbé odò mì!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wá bi mí bóyá ẹ̀rọ lè parọ́.

"Rárá, sà," ni mo wí. "Ẹ̀rọ kì í parọ́."

Wọ́n lé bàbá náà, nígbà tó ku ọdún méjì kí ó fẹ̀yìn tì.

Èmi kan náà ni mo bá a kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì tó le bí òkúta. Wọn kò dáhùn. Ṣùgbọ́n ó gbà pé èmi nìkan ni mo dúró ti òun. Lọ́dọọdún ni ó ń gbé iṣu wá fún mi. N kì í lè jẹ ẹ́. Mo máa ń wò ó títí yóò fi hù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ránṣẹ́ pé ọmọbìnrin òun ti lóyún. Bí ó bá bí ọkùnrin, orúkọ mi ni wọn yóò sọ ọ́, kí ó lè ní ọkàn títọ́ bíi tèmi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbàdúrà kí ó bí obìnrin.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé gáréèjì láti lọ jẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti bẹ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí, kí ó sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi, kí ọmọ náà tó dé.