Ọwọ́ Tó Pa Àyè Náà Rẹ́

Ẹ̀gbọ́n Rọra, ẹ jókòó, ẹ má tíì lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, òní ni tèmi. Dókítà ti sọ ibi tó kù sí fún mi. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mi náà gbọ́. Nítorí tiwọn ni màá ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ jù mí lọ.

Nílé-ìwòsàn yìí náà ni àwa méjèèjì ti ń ya àwòrán bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn: àpótí kan fún aláìsàn, òmíràn fún oògùn, ìlà á sì so wọ́n pọ̀. Tí a bá fẹ́ lo àpótí kan nínú àwòrán mìíràn, a ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a ó lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi ẹ̀dà méjì ló wà. Ọ̀kan ń dá dúró. Èkejì ṣì so mọ́ ìyá rẹ̀, ìyẹn àpótí tí a ti mú un jáde, ohun tó o bá ṣe fún un, o ti ṣe é fún ìyá náà. Ẹ̀yin kì í lẹ nǹkan láìyẹ̀ ẹ́ wò. "Rọra, àbúrò, wo èyí tó o mú," lẹ máa ń wí, la fi sọ yín ní Rọra. Èmi ọlọ́wọ́ wàdùwàdù, ẹ̀rín ni mo fi ń rín yín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ jáde lọ jẹun, ẹ ò ti kọ̀ǹpútà yín. Mo jókòó sídìí rẹ̀. Mo ṣe ẹ̀dà àpótí aláìsàn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán àwọn tó ń ṣe awò ojú. Wọ́n ní àwọn ò nílò àyè tí wọ́n ń kọ oògùn tí ara aláìsàn kọ̀ sí. Mo pa á rẹ́. Ẹ̀dà tó so ni mo lẹ̀! Nígbà tí àwòrán tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àyè náà pòórá ní gbogbo ilé-ìwòsàn.

Wọ́n gún obìnrin kan lábẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ kọ̀. Ó kú kí dókítà tó dé. Ọkọ rẹ̀ ń ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ó sọ fún yín! Ìṣojú mi ló ti sọ fún yín, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀!"

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ọ̀gá pè wá, orúkọ yín ni kọ̀ǹpútà gbé jáde. Ẹ wojú mi, ẹ ní, "Àbúrò, ṣé o jókòó sídìí rẹ̀ ni?" Mo ṣojú fúrú, mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Bóyá ẹ gbàgbé ni." Ẹ sì gbà mí gbọ́. Ẹ wo ọwọ́ ara yín títí, ẹ ní, "Á jẹ́ pé èmi ni." Kí wọ́n tó lé yín, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ dá àyè náà padà. Látìgbà náà ẹ ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Mo ń wò yín. Ìkà ni mí.

Lánàá, nọ́ọ̀sì fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́, ó wo kọ̀ǹpútà, ó fà sẹ́yìn. "Bàbá, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ara yín kọ èyí." Àyè tẹ́ ẹ dá padà ló yọ mí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn bo ẹ̀ṣẹ̀ yín láé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá ọkọ obìnrin yẹn kí ohùn mi tó wọlẹ̀, kí n wí i fún òun náà. Ẹ forí jì mí. Ẹ gbé ọwọ́ yín wá kí n dì í mú. Kì í ṣe ọwọ́ yín yìí ló pa obìnrin náà.