Fọ́tò Tí Mo Yọ Kúrò Lára Lẹ́tà

Ẹ̀yin ará abúlé wa, ẹ̀dọ̀fóró mi ti di àkísà, dókítà ò sì fi pa mọ́ fún mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá rin ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Tèmi ti rin mọ́kànlá. 'M'e Makhauta, ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Torí yín gan-an ni mo ṣe ní kí wọ́n pe gbogbo èèyàn jọ.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé akọ̀wé ni mo jẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń bá wa wá àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ ní Gauteng ní South Africa tí wọn ò padà. Àwọn mọ́ṣúárì tó wà lọ́hùn-ún a máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wa pé òkú ẹni tí a kò mọ̀ rèé, nọ́ńbà rẹ̀ rèé, fọ́tò rẹ̀ la so mọ́ lẹ́tà yìí. Fọ́tò máa ń wúwo, àpótí ímeèlì wa ò sì gba nǹkan púpọ̀. Bó bá ti kún, lẹ́tà tuntun ò lè wọlé mọ́. Ìlànà ni pé kí n fi fọ́tò pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí n lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ògiri fáwọn ẹbí láti wò, kí n tó yọ ọ́ kúrò lára lẹ́tà. Ọ̀lẹ ni mí, ẹ jẹ́ n pe ara mi bó ṣe yẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jimọ̀, màá to àwọn lẹ́tà látorí èyí tó wúwo jù, màá sì máa yọ fọ́tò dànù láì ṣí wọn wò. Ọ̀gá wa, Ntate Sekhesa, a máa sọ fáwọn yòókù pé kí wọ́n wá wo àpótí Lebusa bó ṣe mọ́ tónítóní. Inú mi a sì dùn.

'M'e, oṣooṣù lẹ ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè wá wo ògiri náà bóyá ẹ máa rí Khauta ọmọ yín, ẹ a sì gbé motoho, ògì ọkà bàbà kíkan, wá fún mi nínú ike. Lọ́jọ́ kan ẹ ní, "Lebusa ọmọ mi, bó o bá rí ẹni tó fi kúbùsù búráùn bora, tí igun ẹ̀ kan jóná, tí mo fi òwú pupa rán an, Khauta mi nìyẹn."

Bẹ́ ẹ ṣe lọ tán, mo wá inú àpótí. Fọ́tò ti lọ, ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà kù: ọkùnrin, bí ẹni ọgbọ̀n ọdún, kúbùsù búráùn, igun kan jóná, òwú pupa. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá láàárín oṣù kan, ìjọba á sin ín. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀yin èèyàn mi. Ká pè wọ́n lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan péré ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n tún fi fọ́tò náà ránṣẹ́, Ntate Sekhesa á bi mí pé àkọ́kọ́ dà, àwọn yòókù ńkọ́. Mo pa lẹ́tà náà rẹ́. Mo tún lọ pa á rẹ́ níbi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí a ti pa rẹ́ sí.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ tún gbé motoho dé, ẹ bi mí bóyá nǹkan wà. Mo ní, "'M'e, bóyá ó ti fẹ́yàwó síbẹ̀ ni."

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Kó ṣáà ti máa jẹun."

Mo mu motoho náà tán lójú yín.

Lọ́dún yìí mo pe mọ́ṣúárì ọ̀hún. Wọ́n ní sàréè aláìlórúkọ ò lóǹkà lọ́wọ́ àwọn, láìsí nọ́ńbà kò sẹ́ni tó lè mọ èwo ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìwé, ẹ máa ṣí nǹkan wò kẹ́ ẹ tó dà á nù. 'M'e, mi ò ní kẹ́ ẹ dárí jì mí. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún Khauta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ ṣì wà lófìfo. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yẹn, mo sì kà á. Méjì ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìyókù ò wá sórí mi mọ́.